Ajá Tí Ó Bá Rẹ́ni Tì Í Lẹ́yìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Pápá Ajá ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tí ó bá rẹ́ni tì í lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ajá tàbí eyín rẹ̀ ni òwe yìí ń yìn. Ènìyàn tí ó dúró lẹ́yìn ajá ni ó ń tọ́ka sí. Bí a bá yọ ènìyàn náà kúrò, ọ̀bọ yóò bọ́, ajá yóò sì di ohun tí ń rìn kiri lásán. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe àtùpà lónìí bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ kan wò, tí ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ kà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ya pápá kan sọ́tọ̀ fún ajá?

Bí ọmọ Ọ̀wọ̀ tàbí ọmọ Ìfọ́n kan tí ń gbé ní Amẹ́ríkà bá wálé fún ọdún Ìgógó ní oṣù kẹsàn-án, tí ó jókòó láàrin ẹbí, ó lè ròyìn fún wọn pé ní ìlú tí òun ń gbé, wọ́n fi wáyà yí ilẹ̀ kan ká, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ajá. Níbẹ̀ ni àwọn alájá ti ń tú okùn lọ́rùn ajá wọn, tí ajá ń sáré, tí ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, kí wọ́n tó tún dè é lókùn padà sílé. Kò purọ́. Ní ọdún 1979 ni wọ́n ya irú pápá bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìlú Berkeley ní Ìpínlẹ̀ California, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ ìròyìn yìí yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní, “Ọmọ mi, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa kò rí gbá bọ́ọ̀lù ni ẹ fẹ́ fi fún ajá?” Ẹ̀rín àgbà náà nídìí, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ṣùgbọ́n kí àgbà tó rẹ́rìn-ín tán, kí ó bá wa rìn dé ẹ̀yìn ọjà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn alápatà bá ti ń palẹ̀ mọ́. Yóò rí ajá márùn-ún, mẹ́fà, tí wọ́n ń jà sí egungun. Kí ó tún bá wa dé ààtàn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí àwọn ọmọdé tó máa kọjá lọ sí ilé ìwé. Yóò bá abo ajá àti àwọn ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú ìdọ̀tí, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó lè sọ ilé tí wọ́n ti wá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé pápá ajá ti wà ní àwọn ìlú wa tipẹ́. Ààtàn ni. Àwa ni a kò mọ̀ pé àwa ni a fi í fún wọn. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe bóyá kí ajá ní àyè láàrin ìlú. Irú àyè tí yóò ní, àti ẹni tí yóò máa bójú tó o, ni ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Nínú àṣà Yorùbá, kò sí ìgbà kan tí a dá ajá mọ̀ láìmọ ẹni tí ó ni ín. Ajá ọdẹ ni ajá lágbájá ọdẹ. Ṣaworo tí ń dún lọ́rùn rẹ̀ nínú igbó ń sọ fún olówó rẹ̀ ibi tí ó wà, ó sì ń sọ fún ọdẹ mìíràn pé ẹranko tí ń mi ewé lọ́ọ̀ọ́kán yìí kì í ṣe ẹran ìgbẹ́. Ajá ilé ni ajá agboolé báyìí. Òun ni ó ń sùn sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń gbó àlejò òru, tí ó sì ń jẹ ohun tí ó bá ṣẹ́kù nínú àwo. Ajá tí a fi ń bọ Ògún pàápàá, a kì í ṣàdédé gbá a mú ní títì. Ẹni tí yóò bọ Ògún rà á ni, tàbí kí ó jẹ́ pé òun ni ó sìn ín. Ipò mẹ́ta ni ajá wà: nínú igbó, nínú ilé, àti ní ojú Ògún. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ènìyàn kan ni a lè bi ní ìbéèrè nípa rẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn baba wa fi ń sọ ajá lórúkọ. A kì í sọ adìyẹ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sábà sọ ewúrẹ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ajá ń jẹ́ Tanímọ̀la, ó sì ń jẹ́ irú àwọn orúkọ mìíràn tí ẹni tí ó sọ ọ́ fi ń bá ayé sọ̀rọ̀. Lónìí Bíńgò ni ó pọ̀ jù. Ẹ rántí àlọ́ ọdẹ tí ó sá gun orí igi, tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì ń fi àáké gé igi náà nídìí. Ajá mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀ sílé. Orúkọ ni ó fi pè wọ́n, wọ́n gbọ́, wọ́n sì wá gbà á sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kò sọ wọ́n lórúkọ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé kò bọ́ wọn rí ńkọ́? Ọmọdé tí ó gbọ́ àlọ́ náà lábẹ́ òṣùpá ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sí ojú pátákó fún un: ajá tí a bá ṣe ojúṣe wa fún ni yóò ṣe ojúṣe rẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Ọ̀wọ̀. Ìtàn tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ìlú náà sọ pé Ojúgbelú, ẹni tí wọ́n kà sí Ọlọ́wọ̀ àkọ́kọ́, wà nínú igbó ọdẹ nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tú ká kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdẹ ni ó ṣíwájú ìtàn ìlú náà. Ní ìhà Ọ̀sẹ́ pẹ̀lú, igbó tí ó wà ní Ìfọ́n, tí ìjọba fi pamọ́ nítorí àwọn ẹranko inú rẹ̀, jẹ́rìí sí i pé ilẹ̀ ọdẹ ni ilẹ̀ náà. Níbi tí ọdẹ bá sì wà, ajá wà níbẹ̀.

Kí ni ó wá yí padà? Igbó ń fà sẹ́yìn, oko kòkó àti oko ọ̀pẹ gba ipò rẹ̀, ìbọn sì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ajá ń ṣe tẹ́lẹ̀. Agboolé tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹun pọ̀ di ilé kọ̀ọ̀kan tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri yí ká. Ẹnì kan yóò ra ajá nítorí olè, nígbà tí ó bá sì ṣí lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Èkó, yóò fi í sílẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú àga tí ó kán. Ẹlòmíràn, abo ajá rẹ̀ yóò bímọ mẹ́fà, kò sì mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe, yóò di wọ́n sínú àpò lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Kì í ṣe àṣà Yorùbá ni ó bí ajá ìgboro. Bí a ti jù ú sílẹ̀ ni ó bí i.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ajá kan gé ọmọkùnrin kan tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà jẹ ní ojúgun. Ojú egbò náà kò tóbi. Wọ́n fi epo pupa àti eérú sí i, ó sì jinná. Ó padà sí kíláàsì, ó ń fi àpá rẹ̀ yangàn fún wa. Oṣù méjì kọjá kí ibà tó dé, lẹ́yìn ibà ni kò lè gbé omi mì mọ́, bí wọ́n bá sì gbé omi wá síwájú rẹ̀, yóò pariwo. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí bẹ́ǹṣì wa fi ku èmi nìkan. Ohun tí n kò gbàgbé ni ìbéèrè tí àwọn àgbà ń bi ara wọn ní ọjọ́ náà: “Ta ni ó ni ajá yẹn?” Gbogbo àdúgbò ni ó mọ ajá náà. Gbogbo wa ni a ti jù ú ní òkúta rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dáhùn.

Dìgbòlugi ni àrùn náà. Àwọn àgbà ní bí ó ti wù kí ajá sínwín tó, ó yẹ kí ó mọ ojú olówó rẹ̀. Òwe náà dára púpọ̀ fún kíkọ́ ènìyàn níwà, ṣùgbọ́n ajá dìgbòlugi gan-an kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, olówó rẹ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ gé jẹ nígbà mìíràn. Inú itọ́ ajá ni àrùn náà ń gbà wọ ara ènìyàn. Ó lè farapamọ́ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ó tilẹ̀ lè pẹ́ tó ọdún kan, kí ó tó fi ara hàn. Bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn, ekukáká ni a fi ń rí ẹni tí yóò yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ó ń pa ènìyàn bí 59,000 lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ni ó sì ti ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá kú, mẹ́rin ni kò tíì pé ọdún 15. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó bá kó o, ó tó 99 tí ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o ràn wọ́n.

Síbẹ̀, àrùn tí a mọ bí a ti ń dènà rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1885, Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá dìgbòlugi gé jẹ, ní abẹ́rẹ́, ọmọ náà sì yè. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí ajá tó gé ọmọ kíláàsì mi jẹ, òun náà kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Kì í ṣe pé a kò tíì rí oògùn rẹ̀ ní ayé. Ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín pàápàá, ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí ajá méje nínú mẹ́wàá bá gba abẹ́rẹ́ náà ní àdúgbò kan, ọ̀nà àrùn náà ti dí níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí a rí ẹni tí yóò fa ajá wá gba abẹ́rẹ́. A tún padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ajá.

Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé àrùn ẹranko lè di àrùn ènìyàn. Láti ọdún 1969 tí a ti mọ ibà Lásà ní ìlú Lassa ní Borno, ó ti rìn jìnnà. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì yìí sì wà lára ibi tí ó ti ń jà jù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ fi di ibi tí a mọ̀ mọ ìtọ́jú rẹ̀. Eku ni ó ń gbé ibà náà kiri. Àwọn ará ìlú ti kọ́ bí a ti ń bo oúnjẹ, bí a ti ń kó pàǹtí jìnnà sí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àrùn méjèèjì. Eku kò ní olówó. Kò sí ẹni tí a lè pè kí ó wá sọ ti eku tí ó jáde láti inú àjà. Ajá ní olówó, tàbí ó yẹ kí ó ní. Bí a bá lè bá eku tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni jagun, kí ni yóò dí wa lọ́wọ́ láti mójú tó ẹran tí ń dáhùn bí a bá pè é?

Ní ibi yìí ni ọ̀rọ̀ pápá ti wọlé. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ààfin Ọlọ́wọ̀ sọ pé àgbàlá inú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún nígbà àtijọ́, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti ẹbọra tirẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù ni ti àpéjọ gbogbo ìlú àti ti ọdún. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ohun tí a kò bá fún ní àyè tirẹ̀ yóò gba àyè ohun mìíràn. Wọ́n fún òwò ní ọjà, wọ́n fún ẹjọ́ ní àgbàlá, wọ́n fún òkú ní igbó. Ẹ̀mí kan náà ni ó yẹ kí ó wà nínú pápá ajá. Kí ó má ṣe jẹ́ àfarawé ilẹ̀ òkèèrè. Ní Berkeley, nítorí eré ajá ni wọ́n ṣe ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn ajá ibẹ̀ ti ní olówó, wọ́n sì ti gba abẹ́rẹ́. Tiwa yóò jẹ́ ibi tí a ti ń fi ajá mọ olówó rẹ̀ ní ojú ìlú. Eré lè tẹ̀ lé e.

Èrò wa ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, pẹ̀lú àwọn ọba àti àwọn ìjòyè, ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní àti ní àwọn ìlú mìíràn tí ó bá fẹ́. Kí ilẹ̀ náà jìnnà sí ọjà àti sí ilé ìwé. Kò gbọdọ̀ tóbi. Kí a fi wáyà yí i ká, kí igi ìbòòji wà níbẹ̀, kí omi sì wà. Kí oníṣègùn ẹranko ti ìjọba ní ọjọ́ kan pàtó lóṣù tí yóò wà níbẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, tí gbogbo ayé ń ṣe ìrántí ìjà pẹ̀lú dìgbòlugi, kí ó jẹ́ ọjọ́ ńlá ibẹ̀, kí gbogbo ajá tí ó ti pé oṣù mẹ́ta wá gba abẹ́rẹ́ ọdún. Kí ìwé ńlá kan wà tí a ó máa kọ orúkọ ajá, orúkọ alájá àti àdúgbò rẹ̀ sí. Kí a so ohun àmì mọ́ ọrùn ajá tí ó bá ti gba abẹ́rẹ́, bí àwọn ọdẹ ti ń so ṣaworo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin ọdún 2016, òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí a fi ohun kékeré kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ sí abẹ́ awọ ajá, kí a lè fi nọ́ńbà rẹ̀ mọ ẹni tí ó ni ín. Apá wa lè má ká ìyẹn lónìí, ṣùgbọ́n apá wa ká ọrùn ajá àti ìwé ńlá.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà fún pápá náà. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ohun tí a sábà máa ń ṣe ni kí a fi igi pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn oníṣègùn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí a há ajá náà mọ́, kí a sì máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá le títí ọjọ́ náà fi pé, a mọ̀ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ nígbà tí ó gé ènìyàn jẹ. Ní àkókò kan náà, kí ẹni tí ó gé jẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, láìdúró de ọjọ́ mẹ́wàá. Níbo ni a ó há ajá mọ́, bí kò bá sí àyè tí a pèsè fún un?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àwíjàre. Ẹlòmíràn yóò ní owó kò sí. A gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó abẹ́rẹ́ ajá kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó abẹ́rẹ́ tí ẹni tí ajá gé jẹ yóò gbà léraléra ní ilé ìwòsàn, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ẹ̀mí. Mùsùlùmí òdodo lè ní ẹ̀sìn òun kò jẹ́ kí òun fara kan itọ́ ajá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, pápá tí a fi wáyà yí ká yóò sì gbèjà ẹ̀tọ́ náà ju títì tí ajá ti ń rìn bó ṣe wù ú lọ. Ẹni tí ń jẹ ẹran ajá, tàbí tí ń fi ajá bọ Ògún, lè bẹ̀rù pé a fẹ́ fi ọgbọ́n gba àṣà lọ́wọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ ajá ń ta sí lára, ni ó wà nínú ewu jù. Òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá ajá tí òun rà gba abẹ́rẹ́. Kò sì sí òrìṣà kan tí ó bèèrè ẹran aláìsàn.

Nítorí náà, a fi ọ̀rọ̀ yìí lé àwọn òǹkàwé wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé bí ajá bá gé wọn jẹ, kódà bí ó ha wọ́n lára lásán, kí wọ́n má fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pàṣán. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó ti àwọn ọdẹ tí ó kù ní abúlé yín, kí ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń sọ ajá sílẹ̀, àti bí wọ́n ti ń kọ́ ọ, kí wọ́n tó kó ìmọ̀ náà lọ. Àwọn ni a ó pè láti wá kọ́ni ní pápá náà. Ẹ̀yin àgbà, ọ̀dọ̀ yín ni ilẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ yín náà ni àṣẹ wà. Bí ẹ bá sọ ní ìpàdé àdúgbò pé kí olúkúlùkù wá dárúkọ ajá rẹ̀, yóò rí bẹ́ẹ̀ kí òfin ìjọba tó dé.

A máa ń sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ẹ̀bi sì ni a fi ń dá ajá. Ṣùgbọ́n ajá tí ó wà ní ààtàn lónìí kò dití. Etí rẹ̀ ṣì wà ní nínà, ó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ti jáde. Ọdẹ ni kò fọn fèrè mọ́. Kí a mú fèrè náà padà, kí a sì wá ibi tí a ó ti máa fọn ún, kí ọmọ mìíràn tó fi àyè sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.